ATMs ni, kì í ṣe ATM's

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ilé-Ifẹ̀ ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tẹ iṣẹ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Mayfair. Bí ẹ bá ń gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn mi, ẹ má dá a lóhùn.

Ẹ wo ohun tí mo kọ sára pátákó yìí. ATM's. NGO's. HOD's. CV's. Ká ní ohun tó ju ẹyọ kan lọ lẹ fẹ́ sọ, èwo ló tọ̀nà nínú wọn? Ẹ rò ó dáadáa. Ṣé ẹ ti rò ó tán? Kò sí! Ìkankan ò tọ̀nà!

ATMs. NGOs. HODs. CVs. S lásán, s kékeré, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí rẹ̀, ó parí. Pé book á di books, ẹ ti mọ ìyẹn láti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, mi ò ní dúró síbẹ̀. Àgékúrú náà ò yàtọ̀.

Kí ló wá ń jẹ́ ká máa ki apostrophe, àmì kékeré (') yẹn, bọ̀ ọ́? Ojú ni. Lẹ́tà ńlá mẹ́ta dúró gbagidi, s kékeré kan wá so rọ̀ nídìí wọn bí ìrù, ọwọ́ á wá máa yún èèyàn láti fi nǹkan là wọ́n láàárín. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ ó máa yún yín.

Ẹ jẹ́ n fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀, torí ibẹ̀ ló ti yé èmi gan-an. Ṣé ẹ rántí bí àwọn òbí wa ṣe máa ń kọ lẹ́tà? "Mo wà n'ílé." "Mo lọ s'ọ́jà." Lóde òní a ti ń kọ ọ́ pọ̀: nílé, sọ́jà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wo ni àmì kékeré yẹn ń ṣe níbẹ̀ nígbà náà? "Ní ilé" ni. Fáwẹ̀lì kan ti pa rẹ́, wọ́n wá fi àmì dí àyè rẹ̀. Bí ìgbà tí bàbá kan dìde lóde ìnáwó, tó fi fìlà rẹ̀ sórí àga ni. Ẹ ò rí bàbá, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹnìkan ti jókòó síbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Do not, don't: lẹ́tà "o" ti lọ, fìlà ló kù. Iṣẹ́ kìíní nìyẹn. Èkejì, ó ń sọ ẹni tó ni nǹkan: the HOD's office. Iṣẹ́ méjì! Kò sí ìkẹta!

Ó dáa, ẹ padà sí ATM's. Ta ló dìde níbẹ̀ tó fi fìlà sílẹ̀? Kò sẹ́ni tó dìde. Kí ni ATM ọ̀hún ní? Kò ní nǹkan kan. Fìlà ta wá ni?

APOSTROPHE KÌ Í SỌ NǸKAN DI PÚPỌ̀. Ẹ jẹ́ n tún un sọ, torí mo mọ̀ yín. APOSTROPHE KÌ Í SỌ NǸKAN DI PÚPỌ̀!

Ẹnìkan bi mí nínú ṣọ́ọ̀bù yìí rí pé, ṣebí Heads of Department ni, àárín ni s wà, ṣé kò yẹ kó jẹ́ HsOD? Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tó yá ni mo wá rí i pé ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ti gé ọ̀rọ̀ náà kúrú, ó ti di odindi ọ̀rọ̀ kan láyè ara rẹ̀, ìdí rẹ̀ sì ni ìrù ń wà. HODs. Members of Parliament náà, MPs.

Ibi tí gbogbo yín ti máa ń ṣubú ló kàn, ẹ súnmọ́ mi. The HODs are here: àwọn HOD ti dé, wọn ò tíì ní nǹkan kan. The HOD's car: HOD kan ló ni mọ́tò. The HODs' cars: HOD pọ̀, àwọn ló ni àwọn mọ́tò náà, apostrophe wá bọ́ sẹ́yìn s. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, etí ò lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ojú nìkan ló lè yà wọ́n, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo.

Ọdún ńkọ́? Yunifásítì tó wà lọ́dọ̀ wa níbí bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní 1962. The 1960s nìyẹn, kì í ṣe 1960's. Ní 1987 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí OAU: the 1980s. Bí ẹ bá gé 19 kúrò, fìlà á wà níwájú, torí iwájú lẹni tó dìde ti kúrò: the '80s. Kọ̀ǹpútà máa ń yí fìlà yẹn sódì fún yín o! Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ pa ti àkọ́kọ́ rẹ́.

Àwọn tó kù, kíá. Kg àti km kì í gba s: ìrẹsì 50 kg, Ifẹ̀ sí Iléṣà bí 30 km. Dr, Drs. Ojú ewé kan, p.; ojú ewé púpọ̀, pp. SMS àti POS ti ní S nídìí tẹ́lẹ̀, ẹ má dá ara yín lóró, ẹ kọ text messages, ẹ kọ POS machines.

Mo ní kò sí iṣẹ́ kẹta, àbí? Ó kù díẹ̀ káàtó. Lẹ́tà ẹyọ kan ṣoṣo: three A's. Bí ẹ bá kọ As, wọn á kà á sí "as" tí gbogbo ayé mọ̀. A1 ò nílò rẹ̀ ní tiẹ̀: five A1s. Bí ẹ bá sì rí Ph.D.'s nínú ìwé àtijọ́, ẹ má pe òǹkọ̀wé náà ní òpè, àwọn kan ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láyé ìgbà tí wọ́n ń to àmì ìdánudúró sáàárín lẹ́tà. PhDs la ń kọ báyìí.

Ìkìlọ̀ kan péré. Mo tẹ project kan fún akẹ́kọ̀ọ́ rí, NGO's kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Mo ṣí Find and Replace, mo ní kó sọ gbogbo NGO's di NGOs, mo tẹ Replace All, mo lọ jẹ ẹ̀wà àgànyìn. "The NGO's office" náà di "the NGOs office." "The NGO's director" di "the NGOs director." Ọ̀gá tó ń bojú tó iṣẹ́ rẹ̀ fi bírò pupa yí wọn po láti ojú ewé kìíní dé òpin, èmi ni mo sì fi owó ara mi tún un tẹ̀. Nítorí náà, Find Next. Lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ bi NGO kọ̀ọ̀kan bóyá ó ní nǹkan, kí ẹ tó ṣí fìlà rẹ̀.