Basquiat Kò Fi Ògiri Sílẹ̀

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà, ẹ̀yin olùkọ́, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ tẹ̀lé ọmọ yín wá. Àkọlé tí àwọn tó pè mí fún mi ni "Láti Ara Ògiri Dé Gálárì: Ìrìn Àjò Jean-Michel Basquiat". Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, àmọ́ mi ò ní lè sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí a bá ti ní "láti ibí dé ọ̀hún", ó di pé igboro ni ìsàlẹ̀, gálárì, ibi tí wọ́n ti ń ṣàfihàn iṣẹ́ ọnà tí wọ́n sì ń tà á, ni òkè, ọmọkùnrin náà sì gun àkàbà. Basquiat, ayàwòrán ọmọ New York, ò gun àkàbà kankan. Iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní ọmọ ọdún 17 náà ló ń ṣe títí ọlọ́jọ́ fi dé bá a ní ọmọ ọdún 27: ó ń kọ̀wé síbi tí ojú àwọn tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀ á ti bà á. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí mo máa padà síbẹ̀ títí á fi sú yín.

Gbogbo yín lẹ ti rí fọ́tò àwọn rélùwéè New York ayé ìgbà náà, tí ọ̀dà bò láti orí dé ìdí, nítorí náà mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Lọ́dún 1971 ni The New York Times ti gbé ìròyìn jáde nípa ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń kọ TAKI 183 káàkiri ìlú, orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ àti nọ́ńbà òpópónà tó ń gbé. Nígbà tó fi máa di 1975, tí gbèsè fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ìlú náà mọ́lẹ̀, àwọn ọmọ igboro ti ń kun odindi ọkọ̀ ojú irin lóru. Ọ̀gá láàárín wọn ni Lee Quiñones. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ẹni tó bá pè é ní ìwà ìpáǹle lásán kò tíì fara balẹ̀ wo bí wọ́n ṣe ń to àwọ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ara wọn ni wọ́n ń kọ, wọ́n sì ń lọ́ lẹ́tà náà débi pé àwọn ẹgbẹ́ wọn nìkan ló lè kà á.

Basquiat ní tirẹ̀ fẹ́ kí gbogbo èèyàn kà á. Brooklyn ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 1960. Ọmọ Haiti ni bàbá rẹ̀. Puerto Rico ni ìdílé ìyá rẹ̀ ti wá. Ìyá yìí ló ń mú un lọ sí ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà, òun náà ló sì gbé ìwé nípa ẹ̀yà ara èèyàn lọ bá a ní ọsibítù nígbà tí mọ́tò gbá a ní ọmọ ọdún 7. Egungun àti ìfun tí ẹ ń rí lórí kánfáásì rẹ̀, inú ìwé yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ City-As-School, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Al Diaz dá orúkọ kan sílẹ̀, SAMO, tí wọ́n fà yọ látinú "same old", ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọ igboro pé bó ṣe wà lánàá náà ló wà lónìí. Ní 1978, wọ́n ti ń fi ọ̀dà alágolo kọ ọ́ sára ògiri, pẹ̀lú àmì © lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ bá mi dúró síbí. Ta ló ń fi àmì ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ sára ògiri onílé? Ẹni tó mọ̀ pé iṣẹ́ lòun ń ṣe ni, tó sì mọ̀ pé ọjà ń bẹ níwájú.

Kí ló wá ń kọ? Ọ̀kan nínú wọn sọ pé SAMO ni òpin ẹ̀sìn tó ń fọ ọpọlọ èèyàn, òpin òṣèlú tí kò já sí ibì kankan, òpin ìmọ̀ ọgbọ́n orí ayédèrú. Lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà, tí ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè kà. Ibo ló sì kọ ọ́ sí? SoHo ni, àdúgbò àwọn gálárì ní Manhattan, àti àyíká ilé ẹ̀kọ́ School of Visual Arts, lójú ọ̀nà tí àwọn onígálárì ń gbà lọ ṣí ilẹ̀kùn wọn láàárọ̀. Ibẹ̀ ni ẹjọ́ mi wà. Ọmọ tó ń kọ̀wé sí ẹnu ọ̀nà gálárì ti ń bá gálárì sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó mọ orúkọ rẹ̀. Ìwé ìròyìn The Village Voice tú àṣírí wọn ní oṣù Kejìlá ọdún 1978, òun àti Diaz sì pínyà láìpẹ́. Ló bá ń kọ ọ́ káàkiri àdúgbò pé SAMO ti kú. Àwọn olùkọ́ kan ń sọ pé ibẹ̀ ni gráfítì, ìyẹn kíkọ nǹkan sára ògiri igboro, parí tí iṣẹ́ ọnà gidi bẹ̀rẹ̀. Wọn ò wò ó dáadáa ni. Orúkọ ló kú. Ọwọ́ tó ń kọ ọ́ ò kú.

Ẹ̀rí? Ní oṣù Kẹfà ọdún 1980, àwọn oníṣẹ́ ọnà kan gba ilé àtijọ́ kan nítòsí Times Square, wọ́n ṣe àfihàn ńlá síbẹ̀. Níbi àfihàn tí àwọn lámèyítọ́ ti kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ yìí, ara ògiri ilé náà ni Basquiat ya tirẹ̀ sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni nǹkan yára: àfihàn ní P.S.1, ilé iṣẹ́ ọnà kan ní New York, ní oṣù Kejì 1981, àròkọ tí akéwì Rene Ricard kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn iṣẹ́ ọnà Artforum ní ìparí ọdún yẹn, àfihàn tirẹ̀ nìkan lọ́dọ̀ onígálárì Annina Nosei ní oṣù Kẹta 1982, àti Documenta, àfihàn ńlá àgbáyé, ní ìlú Kassel, Jámánì, lọ́dún náà. Ọmọ ọdún 21 ni.

Nosei yìí ló fún un ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ gálárì rẹ̀ láti máa ṣiṣẹ́. Títí dòní làwọn kan ń sọ ọ́ bíi pé wọ́n ti ẹranko mọ́lé, pé wọ́n há ọmọ dúdú mọ́ abẹ́ ilẹ̀ kó máa ya àwòrán fún wọn. Nígbà tí ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò gbé e kò ó lójú, èsì rẹ̀ ni pé ká ní òyìnbó lòun ni, wọn ì bá kàn sọ pé gálárì gba ayàwòrán lálejò ni. Èsì yẹn tó mi. Àwọn tó ń pe iṣẹ́ rẹ̀ ní àwòrán ọmọdé náà, ẹ ní kí wọ́n wá ka àwòrán rẹ̀ Hollywood Africans, ti 1983. Mo ní kí wọ́n kà á o. Ó ya ara rẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lú Toxic àti Rammellzee, oníṣẹ́ ògiri bíi tirẹ̀ làwọn méjèèjì, ó sì kọ ìrèké, tábà àti ìwà jàǹdùkú síbẹ̀, ohun tí oko ẹrú àti sinimá Amẹ́ríkà fi mọ èèyàn dúdú. Ó tún fagi lé ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ṣàlàyé fúnra rẹ̀ pé òun ń fa ilà gba orí ọ̀rọ̀ kí èèyàn lè rí i dáadáa ni, torí ohun tí a bá bò lójú ń wù ú kà.

Níbí ni akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan ti nawọ́. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà. Ẹ ní ara ògiri ni gbogbo rẹ̀. Ògiri ọ̀hún dà? Àti àwọn yòókù tí wọ́n jọ ń kọ sára ògiri, kí ló gbẹ̀yìn wọn?"

Mo ti pèsè ọ̀rọ̀ púpọ̀ sílẹ̀ nípa Andy Warhol, gbajúmọ̀ ayàwòrán tó bá Basquiat ṣọ̀rẹ́. Mo pa á tì, torí ìbéèrè yìí jù ú lọ.

Ọmọ mi, ògiri ti lọ. Wọ́n kùn ún, wọ́n wó o, wọ́n kọ́ ilé olówó síbẹ̀. Henry Flynt ló ya púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ SAMO ní fọ́tò, bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, ẹnu lásán là bá máa fi sọ ọ́. Ní ti àwọn yòókù, ẹ jẹ́ kí n dárúkọ ẹnì kan: Michael Stewart, ọmọ ọdún 25, aláwọ̀ dúdú. Ní òru ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1983, àwọn ọlọ́pàá rélùwéè mú un ní ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀ kan ní Manhattan, wọ́n ní ó ń kọ nǹkan sára ògiri. Kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù, kò mọ ara rẹ̀ mọ́. Ó kú lẹ́yìn ọjọ́ 13. Wọ́n gbé ọlọ́pàá mẹ́fà lọ sílé ẹjọ́. Ní 1985, ìgbìmọ̀ tó jẹ́ òyìnbó pátápátá dá gbogbo wọn sílẹ̀.

Jìnnìjìnnì bá Basquiat. Ohun tó ń tún sọ ni pé òun náà ì bá ti jẹ́. Ó lọ sí yàrá iṣẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ Keith Haring, ayàwòrán bíi tirẹ̀, ó ya ikú Stewart sára ògiri ibẹ̀: ọlọ́pàá méjì tó gbé kóńdó sókè, àti òjìji dúdú kan láàárín wọn. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan sókè, DEFACIMENTO, ìyẹn bíba nǹkan jẹ́, ó fi àmì ìbéèrè sí i, ó sì fi © sí i. Ẹ rí i? Àmì SAMO nìyẹn, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ní SAMO ti kú. Ìbéèrè tó ń bi wọ́n yé ẹnikẹ́ni tó bá kà á: ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà kọ àti ọmọ tí wọ́n lù pa, èwo ni wọ́n bà jẹ́? Nígbà tí Haring ń kó kúrò níbẹ̀, ó gé apá ògiri yẹn jáde, ó fi férémù sí i, ó gbé e kọ́ sókè ibùsùn rẹ̀, ibẹ̀ ló sì wà títí Haring fi kú ní 1990. Guggenheim, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà ní New York, fi í ṣe gbòógì àfihàn kan ní 2019. Ìyẹn ògiri kan tó kù, ọmọ mi. Basquiat ò yà á fún títà.

Àsìkò ti ń lọ, ẹ jẹ́ kí n sáré sọ ìyókù.

Warhol: àwọn tó ní òun ló sọ Basquiat di èèyàn, ẹ sọ fún wọn pé Documenta ti kọjá kí àwọn méjèèjì tó jọ jókòó jẹun ní oṣù Kẹwàá ọdún 1982. Ọ̀rẹ́ gidi ni wọ́n. Àfihàn tí wọ́n jọ ṣe ní 1985 ni àwọn lámèyítọ́ bẹnu àtẹ́ lù, ó sì dùn ún.

Owó: orí kan tó yà ní 1982, nǹkan bí 20,000 dọ́là ni wọ́n tà á ní gbàǹjo ní 1984. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, Yusaku Maezawa, ará Japan, ra òun kan náà ní 110.5 mílíọ̀nù. Ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1988 ni oògùn líle ti pa ẹni tó yà á. Ẹ má fi iye yẹn bẹ̀rẹ̀ àròkọ yín.

Èṣù: Basquiat ka ìwé Robert Farris Thompson, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, nípa ọnà àwọn èèyàn dúdú, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn òrìṣà tiwa. Lọ́dún tó kú, ó ya Exu, bí àwọn ará Brazil ṣe ń kọ ọ́, ojú yí i ká níbi gbogbo. Olóríta ni Èṣù. Ìta gbangba náà ni Basquiat sì ń wò títí dé ọdún ìkẹyìn. Ọ̀rọ̀ yìí tó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́tọ̀.

Abidjan: ní 1986, ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá sí ilé àṣà àwọn Faransé níbẹ̀, ó sì dé Korhogo, ìlú kan ní àríwá Côte d'Ivoire. Èyí tó sún mọ́ wa jù nìyẹn, òun làwọn ìwé sì fi ìlà kan péré sọ. Nínú yín, ẹni tó bá ń wá ohun tó máa ṣèwádìí lé lórí, kó wọ mọ́tò lọ sí Abidjan, kó wá àwọn tó wọ gbọ̀ngàn yẹn lọ́dún náà rí, kó bi wọ́n pé kí ni wọ́n kà lára àwòrán rẹ̀.