Àkẹ́bàjẹ́ Ń Pa Ẹran: Ọ̀rọ̀ fún Akẹ́kọ̀ọ́ Ilé-Ifẹ̀ Tó Fẹ́ Ṣiṣẹ́ Níbi Ìsádi Ẹran Ọ̀sìn

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ kú ìjókòó.

Ewúrẹ́ tí ọ̀kadà kán lẹ́sẹ̀ ní ọ̀nà Ẹdẹ, adìẹ àgíríìkì tí kò yé ẹyin mọ́, àgbò tí olówó rẹ̀ kò lè bọ́ mọ́: irú wọn ló ń gbé ibi ìsádi ẹran. Ẹnikẹ́ni kò ní pa wọ́n jẹ, wọn kò sì ní tà wọ́n. Ní Amẹ́ríkà, ọdún 1986 ni Farm Sanctuary bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí. Àgùntàn àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà là, òkìtì òkú ẹran ni wọ́n ti bá a láàyè, lẹ́bàá ọjà ẹran kan ní Pennsylvania. Hilda ni wọ́n sọ ọ́.

Níbi tí gbogbo èèyàn ti fẹ́ràn ẹran, àkẹ́bàjẹ́ ló yẹ kí ẹ máa ṣọ́ jù. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí oúnjẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ́kọ́ dé sábà máa ń mú búrẹ́dì tàbí gààrí lọ́wọ́, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́ tán, á tún máa tẹ̀ lé e kiri. Àpò ńlá inú ikùn ewúrẹ́ kún fún kòkòrò tín-tìn-tín tó ń bá a sọ ewé di oúnjẹ. Bí búrẹ́dì, gààrí tàbí àgbàdo bá ya lù wọ́n lójijì, inú àpò yẹn á kan, àwọn kòkòrò tó mọ ewé í jẹ á kú. Ẹran á dákẹ́ àpọ̀jẹ, inú rẹ̀ á wú, á máa ṣu omi, ó sì lè kú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ewúrẹ́ ilẹ̀ wa tó wọn kílò 20, ewé tútù bíi kílò 3 ló tó o lóòjọ́: ewé ìyeyè, ewé ọ̀pọ̀tọ́, agúnmániyẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ náà dára, àmọ́ oró sáyánáìdì wà nínú rẹ̀ ní tútù, nítorí náà ẹ sá a kó gbẹ dáadáa. Ẹ má sì fún àgùntàn ní oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ tàbí ti adìẹ. Kọ́pà inú rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ẹ̀dọ̀ àgùntàn lè gbà lọ. Á máa kó jọ síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá rí àìsàn, ó ti pẹ́ jù.

Ti adìẹ bùróílà tún le. Ẹran inú ìkòkò ni wọ́n ṣẹ̀dá rẹ̀ fún, ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 sì ni wọ́n ń pa á. Bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ láyé, ẹ máa wọn oúnjẹ rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bó bá ń jẹ bó ṣe wù ú, ara rẹ̀ á wúwo ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, ọkàn rẹ̀ náà lè dáṣẹ́ sílẹ̀.

Kí ẹ tó da oúnjẹ láàárọ̀, ẹ dúró lẹ́bàá ọgbà fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ máa wò. Èwo ló kẹ́yìn? Èwo ni kò jẹ àpọ̀jẹ? Ewúrẹ́ tí ara rẹ̀ bá yá, ìwọ̀n ooru ara rẹ̀ máa ń wà láàárín 38.5 sí 40 °C. Ti adìẹ gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ihò ìdí ni wọ́n ń ki tẹmómítà bọ̀, ẹ so okùn mọ́ ọn kó má bàa wọlé lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀: bó bá pupa, kò séwu; bó bá funfun bí ẹ̀kọ, aràn tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ló ṣeé ṣe kó wà nínú rẹ̀. Ìwọ̀n ara ni ẹ ó fi wọn oògùn aràn. Ẹ gbé ewúrẹ́ mọ́ra, ẹ gun òṣùwọ̀n, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ tún gun ún, kí ẹ yọ ìkejì kúrò nínú ìkíní.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe nìyí: wọ́n á gbé orí ẹran sókè bí ẹni ń rọ ọmọ ní àgbo. Oògùn á gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ẹran tí aràn ò pa, oògùn á pa á. Kí imú rẹ̀ má ga ju ojú rẹ̀ lọ. Ẹ ki síríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́ bọ ẹ̀gbẹ́ ẹnu, kí ẹ tì í díẹ̀díẹ̀, kó máa gbé e mì.

Àlejò ẹran náà ńkọ́? Àánú á ṣe èèyàn, á kó ewúrẹ́ tó rí ní alẹ́ bọ́ sáàárín àwọn tó kù. Àgùntàn tó bá bá ajá rìn, yóò jẹ ìgbẹ́. Àrùn tí àwọn ọlọ́sìn ń pè ní káátà (PPR, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní Ivory Coast ní 1942) máa ń wà lára ẹran fún ọjọ́ mélòó kan kó tó hàn: ikun imú, egbò ẹnu, ìgbẹ́ gbuuru. Nítorí náà, ẹ ya àlejò sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4, pẹ̀lú korobá tirẹ̀ àti bàtà òjò tirẹ̀, òun sì ni kí ẹ tọ́jú kẹ́yìn lójoojúmọ́. Abẹ́rẹ́ àjẹsára wà, àmọ́ kì í gba ẹran tí àrùn ti wọ̀ lára sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ da apakòkòrò sí bàtà, ẹ kọ́kọ́ fọ ìgbẹ́ kúrò. Ìgbẹ́ ń pa agbára apakòkòrò.

Ọmọ òbúkọ, ẹ yà á kúrò lọ́dọ̀ àwọn abo nígbà tó bá pé oṣù 3, nítorí láti ìgbà náà ló ti lè fún wọn lóyún, oyún ewúrẹ́ kò sì ju nǹkan bí ọjọ́ 150 lọ. Ibi ìsádi tó ń bímọ ti di oko.

Ẹni tó ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ ní Sátidé yàtọ̀ sí ẹni tó wá ṣe IT, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ tí ilé ẹ̀kọ́ ní kó ṣe. Láti 1973 ni SIWES, ètò ìkọ́ṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yìí, ti wà, ẹ sì mọ lógbúùkù rẹ̀. Ẹ má kọ "mo bọ́ ẹran" sínú rẹ̀ ní ojoojúmọ́. Ẹ kọ iye kílò ewé, ìwọ̀n ooru ara, àwọ̀ ìpéǹpéjú, oògùn àti ìwọ̀n rẹ̀. Ewúrẹ́ kò mọ ìdánwò, kò sì mọ ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yín, nítorí náà orúkọ méjì ló yẹ kó wà lójú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ẹyọ kan.

Ẹ gba abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ewúrẹ́ bá bímọ tàbí tí oyún bá wálẹ̀ lára rẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí aláboyún má sì dé ibẹ̀ rárá, nítorí àrùn inú olóbì ẹran ń ran èèyàn. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Ẹni tó bá jáde kẹ́yìn, kó fi wáyà dè géètì lẹ́yìn tó bá fi ìkọ́ kọ́ ọ. Ewúrẹ́ mọ ìkọ́ í ṣí.