Bí a ṣe ń kun ọ̀dà tó ń lé ewédò sí ìdí ọkọ̀ fáíbà

Àsàlámù àlékùm, ẹ kú ojúmọ́ o. Ṣọ́ọ̀bù wa nìyí, lójú ọ̀nà Asa Dam, Ìlọrin. Ọkọ̀ tí ẹ ń wò lórí táyà yìí, Jẹ́bà ló ti wá. Orí odò Ọya ló ti ń ṣiṣẹ́, tọ̀sán-tòru ló sì ń wà nínú omi. Ẹ wo ìdí rẹ̀. Ewédò ti bò ó, ó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Ewédò yìí ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn, ẹ́ńjìnnì á wá máa mu epo ju bó ṣe yẹ lọ.

Kí n tó fọwọ́ kan nǹkan, ẹ gbọ́ èyí. Èròjà bàbà ló wà nínú ọ̀dà yìí. Díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde sínú omi, òun ni kì í jẹ́ kí ohun abẹ̀mí ráyè lẹ̀ mọ́ ọkọ̀. Májèlé ni. Bó bá jẹ́ pé omi Asa Dam ni ọkọ̀ yín wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kùn ún rárá. Omi yẹn ni wọ́n ń fà wá fún ìlú Ìlọrin láti mu. Ẹ máa fa ọkọ̀ sókè, kẹ́ ẹ fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ń gbé sórí ilẹ̀ lálaalẹ́ náà kò nílò ọ̀dà yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní òun ní èyí tó lágbára jù, tó ní TBT, èròjà májèlé kan, nínú, ẹ má rà á. Òfin àgbáyé tó kà á léèwọ̀ fún ọkọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ láti 2008, nítorí ó sọ abo ìgbín inú òkun di ohun tó ń hu ẹ̀yà ara akọ.

Ẹ tún wo irú ike tí ọkọ̀ yín jẹ́. Fáíbà lèyí. Bó bá jẹ́ ike bíi ti kẹ́ẹ̀gì tàbí táǹkì omi, ọ̀dà kì í dúró lára rẹ̀.

Ó yá. A ti fọ ewédò kúrò. Ọ̀dà àtijọ́ ló kù, ó ti ń ṣí níbí àti níbí. Sáńpépà 80 tó lè wọ omi ni mo mú dání. Ẹ má ha á ní gbígbẹ láéláé. Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́, gbígbẹ la máa ń ha á, aṣọ lásán ni mo fi di imú. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi wúkọ́, itọ́ mi sì pupa bí ọ̀dà náà. Lónìí, ìbòmú tó ní fílítà, ìbọ̀wọ́ àti awò la fi ń ṣe é. Ẹ wo tapólì tí a tẹ́ sílẹ̀: gbogbo ẹrẹ̀ tó bá jábọ́ la máa kó sínú garawa. Kò gbọdọ̀ wọ gọ́tà, torí odò ni gọ́tà ń lọ.

Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Ọkọ̀ tuntun máa ń gbé ìda kúrò nínú mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi mọ ọ́n. Ojú kì í rí i, ọ̀dà sì kórìíra rẹ̀. A kun ọkọ̀ tuntun kan rí láì nu ìda yìí dáadáa. Kò pé oṣù kan tí ọ̀dà bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ọ̀fẹ́ la fi tún un ṣe, ojú sì tì mí níwájú oníbàárà. Àkísà méjì ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ fi tínà tí wọ́n kọ sára agolo rin ọ̀kan, ẹ fi nu ún. Kó tó gbẹ, ẹ fi èkejì tó gbẹ nù ún kúrò. Ẹ wá da omi sí i, ẹ wò ó… Ẹ rí i bí omi ṣe ń ṣẹ́ jọ ní kíkán-kíkán lápá ibí? Ìda ṣì wà níbẹ̀. Lápá ọ̀hún, omi tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ti mọ́.

Ọ̀dà mélòó la máa rà? Gígùn ọkọ̀ yìí nínú omi jẹ́ mítà 6, ìbú rẹ̀ 1.8, bó ṣe ń rì wọlé sí 0.3. Ẹ ro ìbú pọ̀ mọ́ bó ṣe ń rì, 2.1 ni. Ẹ fi 6 sọ ọ́ di púpọ̀, mítà onígun mẹ́rin 12.6 ni. Ẹ̀ẹ̀mejì la máa kùn ún, ó di 25.2. Agolo yìí ní lítà kan á kun mítà onígun mẹ́rin 10, nítorí náà ó máa lé díẹ̀ ní lítà 2 àtààbọ̀.

Ọ̀dà ìpìlẹ̀ epoxy ló ń ṣáájú. Oríṣi méjì tí à ń pò pọ̀ ni, ẹ po méjèèjì bí agolo ṣe wí. Ẹ má jẹ́ kó gbẹ pátápátá. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́: bí àmì bá hàn, tí ọ̀dà kò sì lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ó ti yá láti kun ọ̀dà bàbà lé e. Àárọ̀ nígbà tí ìrì ti gbẹ la máa ń ṣe é, lábẹ́ bòòji. Lásìkò ọyẹ́, ẹ fi tapólì yí ọkọ̀ ká, kí eruku má bà lé ọ̀dà.

Ó wá kan ọ̀dà bàbà fúnra rẹ̀. Bàbà wúwo, ìsàlẹ̀ agolo ló ń sùn sí. Ẹ rò ó látìsàlẹ̀ bí ẹni ń ro ọkà. Rólà onírun kúkurú ni, ẹ yí i jẹ́jẹ́. Ẹ má fi tínà là á jù. Àkọ́kọ́ pupa, èkejì dúdú: ọjọ́ tí pupa bá yọjú, ẹ mọ̀ pé dúdú ti jẹ tán. Ẹ fi ẹ̀kẹta kún iwájú àti ìlà ojú omi, ibẹ̀ lomi ti ń gbá a jù.

Ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Ẹ má kùn ún. Alumíníọ̀mù ni, bàbà á máa jẹ ẹ́ nínú omi.

Ẹ já tépù tí a lẹ̀ mọ́ ìlà ojú omi báyìí tí ọ̀dà ṣì tutù díẹ̀, ìlà á dúró gbọnrangandan. Lọ́la a máa sún àwọn táyà wọ̀nyí, ká kun ibi tí wọ́n bò.