Wáàsí Jímọ̀: Igbó, Sìgá àti Owó Ọmọ Òrukàn

Bisimilahi. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì. Àríyànjiyàn yẹn tún ti gbérí: wọ́n ní kí ìjọba gba igbó mímu láàyè, kí wọ́n máa ṣàkóso rẹ̀ bí ọtí àti sìgá, kówó lè wọlé. Èyí tó ń bí mi nínú ni pé àwọn Mùsùlùmí wà lára wọn, wọ́n tún ń sọ pé Àlùkùránì ò dárúkọ igbó.

Ṣé ó dìgbà tó bá dárúkọ rẹ̀? Ànábì ní gbogbo ohun tó ń pani bí ọtí, ọtí ni, gbogbo ọtí sì jẹ́ háráámù. Umar, sàábé Ànábì, dúró lórí mínbárì, ó ní ọtí ni ohun tó bá bo làákàyè.

Ẹ gbọ́ bí Anas, ìránṣẹ́ Ànábì, ṣe sọ ọ́. Ilé Abu Talha ló wà, òun ló ń bu ọtí dàbínù fún àwọn àgbà: Abu Talha, Abu Ubayda, Ubayy ọmọ Ka'b. Ẹnìkan wọlé, ó ní wọ́n ti ṣe ọtí ní háráámù. Wọn ò ránni lọ wádìí. Abu Talha ní, "Anas, dìde, fọ́ àwọn ìkòkò yìí." Anas gbé òkúta tí wọ́n fi ń gún nǹkan, ó fi ìdí rẹ̀ gbá wọn títí wọ́n fi fọ́. Ọtí ń ṣàn ní òpópónà Mẹ̀dínà lọ́jọ́ náà.

Abu Talha yìí kan náà ló lọ bi Ànábì pé àwọn ọmọ òrukàn kan jogún ọtí ńkọ́? Owó ọmọ òrukàn o! Ànábì ní, "Dà á nù." Ṣé kí n sọ ọ́ di fínígà? "Rárá." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní owó orí igbó á kọ́ ilé ìwé, ẹ dáhùn ìyẹn ná.

Bíi sìgá, àbí? Òfin 2015 ní Nàìjíríà ní wọn ò gbọ́dọ̀ ta sìgá lẹ́yọ lẹ́yọ, páálí kò gbọ́dọ̀ dín ní 20, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọ́dọ̀ rà á. Ẹ lọ wo gáréèjì bóyá wọ́n ń tẹ̀lé e. Akeredolu, gómìnà Ondo nígbà náà, lọ sí Thailand ní 2019 nítorí igbó ìṣègùn. Thailand tú igbó sílẹ̀ ní 2022, ṣọ́ọ̀bù kún ìgboro, nígbà tó di 2025 wọ́n ní kò sí títà mọ́ láìsí ìwé dókítà. Oògùn wárápá tí wọ́n yọ lára rẹ̀, tí kì í pani bí ọtí, n ò bá a jà.

Èyí tó ń já mi láyà jù ni ti inú kéèkì àti sóbò. Èéfín máa ń dé orí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Èyí tí wọ́n jẹ lè gba ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí 2. Ọmọ á ní kò ṣiṣẹ́, á tún bù sí i, gbogbo rẹ̀ á wá jọ dé: àyà á máa lù kì kì, èébì, ìpayà. Tọ́mọ kékeré bá ṣèèṣì jẹ ẹ́, ó lè sùn débi tí mímí rẹ̀ á fi máa falẹ̀. Ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu o, ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ sáré gbé e lọ sí ọsibítù, ẹ mú èyí tó kù dání, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà pé igbó ni. Ẹ má torí ojú àdúgbò sọ pé ibà ni.