Irorẹ́ àti Sísú Ara Tí Yíìsì Ń Fà: Bí A Ṣe Lè Mọ Èyí Yàtọ̀ sí Ìyẹn

Ẹ̀yin olùgbọ́, mo kí yín. Kì í ṣe gbogbo ohun tó bá sú sí ojú, àyà tàbí ẹ̀yìn, tó rí roboto, tó sì ní ọyún díẹ̀ lórí, ni irorẹ́. Ọ̀kan wà nínú wọn tó jẹ́ pé yíìsì, ìyẹn irú fọ́ńgọ́ọ̀sì tíntìntín kan, ló ń fà á, ó sì jọ irorẹ́ débi pé ẹni tó ní i lè fi ọ̀pọ̀ oṣù, àní ọdún pàápàá, tọ́jú àìsàn tí kò ṣe é. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: oògùn tí a fi ń wo irorẹ́, pàápàá àǹtíbáyótíìkì, lè mú kí èkejì yìí máa gbilẹ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí dídá wọn mọ̀ fi kọjá ọ̀rọ̀ ẹwà lásán.

Inú ihò irun ni àwọn méjèèjì ti ń bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ló sì jẹ́ kí wọ́n jọra. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan tí irun ń gbà jáde ni ẹṣẹ́ kan wà tó ń sun ọ̀rá sínú rẹ̀ kí awọ má baà gbẹ. Àwọn ẹṣẹ́ wọ̀nyí pọ̀ sí ojú, àyà, èjìká àti òkè ẹ̀yìn ju ọ̀pọ̀ ibòmíràn lọ. Nígbà tí ọmọ bá ń bàlágà, họ́mọ̀nù á mú kí ọ̀rá náà pọ̀ sí i. Àwọn sẹ́ẹ̀lì awọ tó yẹ kí wọ́n máa bọ́ dànù lọ́kọ̀ọ̀kan á lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n á sì dí ẹnu ihò náà pa. Dídí yẹn gan-an ni ìpìlẹ̀ irorẹ́. Lẹ́yìn náà ni bakitéríà tí wọ́n ń pè ní Cutibacterium acnes, tí orúkọ rẹ̀ jẹ́ Propionibacterium acnes títí di 2016, á máa pọ̀ nínú ọ̀rá tí kò rí ọ̀nà jáde. Ara á gbéjà kò ó, ibẹ̀ á wú, á sì gba ọyún.

Ti yíìsì kò rí bẹ́ẹ̀. Malassezia ni orúkọ yíìsì tí à ń sọ, wọ́n fi sọrí Louis-Charles Malassez, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Kì í ṣe àlejò lára ẹnikẹ́ni, nítorí pé awọ ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn àgbàlagbà ló ń gbé láìṣe wọ́n ní nǹkan kan. Kò lè dá ọ̀rá tí yóò lò ṣe, nítorí náà ọ̀rá ara wa ló ń jẹ. Òun náà ló ń fa àwọn àbàwọ́n pẹlẹbẹ tó máa ń mú kí àwọ̀ àyà àti ẹ̀yìn di kálakàla, ó sì lọ́wọ́ nínú kí awọ orí máa ṣí bí ìpẹ́. Bí ooru bá mú, tí òógùn pọ̀, tí aṣọ tí kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé sì lẹ̀ mọ́ ara, ó lè pọ̀ kọjá bó ṣe yẹ nínú ihò irun, ara á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà níbẹ̀. Yíìsì tó ń mú búrẹ́dì wú kọ́ nìyí o. Ẹni tó bá tìtorí èyí jáwọ́ nínú búrẹ́dì kàn ń fìyà jẹ ara rẹ̀ lásán ni.

Ó ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti kíyè sí i. Ní 1969, àwọn kan ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa sísú tó jọ irorẹ́ tó yọ lára àwọn tó ń lo àǹtíbáyótíìkì, nígbà tó sì di 1973, wọ́n ti ń ka ohun tí yíìsì ń fà yìí sí àìsàn tó dá dúró. Ipa tí àǹtíbáyótíìkì ń kó níbẹ̀ kò ṣòroó lóye. Bakitéríà àti yíìsì jọ ń gbé lórí awọ, wọ́n sì jọ ń du àyè àti oúnjẹ. Oògùn tó ń pa bakitéríà kò tu irun kan lára yíìsì, ńṣe ló ń bá a lé ẹni tí wọ́n jọ ń du ilé lọ. Ìpara tàbí oògùn tó ní sítẹ́rọ́ìdì nínú máa ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ọ̀nà tirẹ̀, nítorí pé ó ń rẹ agbára tí ara fi ń ṣọ́ awọ sílẹ̀. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń fi ìpara tí wọn kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ bóra gbọ́ èyí dáadáa, torí pé ọ̀pọ̀ ìpara tí wọ́n ń tà pé ó ń mú awọ funfun ni wọ́n ti bá sítẹ́rọ́ìdì tó le nínú rẹ̀ láìkọ ọ́ sára páálí.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo awọ kan fínnífínní. Ẹ ká ní ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 19 kan bọ́ aṣọ rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa lábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀, a sì mú awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá dání. Òkè ẹ̀yìn rẹ̀ àti èjìká rẹ̀ kún fún kóro wẹ́wẹ́ tí ìbú wọn kò ju mìlímítà 1 sí 2 lọ. Ohun àkọ́kọ́ tó ń gba ojú ẹni ni pé wọ́n dọ́gba, bí ìgbà tí wọ́n fi òṣùwọ̀n kan ṣoṣo wọ̀n wọ́n. Bí a bá sún awò mọ́ ọn, a ó rí i pé irun tín-ín-rín kan gba àárín ọ̀pọ̀ nínú wọn jáde. Díẹ̀ ní ọyún funfun ṣóńṣó lórí, ìyókù kàn le kókó. Ipa èékánná wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé. Nígbà náà ni kí a fi ìka méjì fa awọ náà díẹ̀ kí a sì wá orí dúdú tàbí orí funfun, ìyẹn ihò tó dí, èyí tó jẹ́ àmì irorẹ́ gidi: a wá a títí, a kò rí ẹyọ kan.

Bó bá jẹ́ irorẹ́ ló wà níbẹ̀, ohun tí a ó rí kì í bára dọ́gba. Orí dúdú á wà, orí funfun tó fara pamọ́ sábẹ́ awọ á sì yọ nígbà tí a bá fa awọ náà. Àwọn tó wú díẹ̀ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ti gba ọyún, ó sì lè ní èyí tó wà nísàlẹ̀ awọ lọ́hùn-ún, tó le, tó ń dunni bí a bá tẹ̀ ẹ́, tó sì máa ń fi ọ̀gbun tàbí àpá sílẹ̀ tó bá lọ. Lára awọ tó dúdú, ẹ má ṣe máa retí pípọ́n tí àwòrán inú ìwé máa ń fi hàn. Kóro náà sábà máa ń dúdú ju awọ àyíká rẹ̀ lọ. Àwọn méjèèjì ló sì ń fi àmì dúdú sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá san, nítorí náà àmì dúdú nìkan kò sọ ẹjọ́ kankan fún wa.

Yíyún ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbójú lé, òótọ́ sì ni pé ó wúlò. Irorẹ́ sábà máa ń dunni ju kó yúnni lọ, nígbà tó jẹ́ pé ti yíìsì a máa yún, pàápàá tí ara bá gbóná tí òógùn sì bò ó. Ṣùgbọ́n nínú àyẹ̀wò ìwé ìtọ́jú ènìyàn 110 tó ní àìsàn yìí, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ni ó yún. Ẹni tí kò yún kò tíì bọ́ nínú rẹ̀ nìyẹn.

Ibi tí ó sú sí náà ń ràn wá lọ́wọ́, àmọ́ kì í ṣe púpọ̀. Àyà, ẹ̀yìn, èjìká àti ẹ̀yìn apá ni yíìsì fẹ́ràn. Bó bá dé ojú, iwájú orí lẹ́bàá irun, ẹ̀gbẹ́ ojú àti àgbọ̀n ló sábà máa ń yọ sí, tí imú àti àárín ojú á sì mọ́. Obìnrin àgbà tí tirẹ̀ ń yọ sí àgbọ̀n ìsàlẹ̀, tó sì ń le sí i bí nǹkan oṣù bá ń bọ̀, irorẹ́ ni kí ó kọ́kọ́ fura sí.

Bí wọ́n bá ní kí n mú ẹ̀rí kan ṣoṣo, ìtàn ni màá mú. Ẹni tí irorẹ́ rẹ̀ ti wà láti ìgbà ọ̀dọ́, tó ń lo àǹtíbáyótíìkì bíi dọkisisáíkílìn, tí ojú rẹ̀ ti ń mọ́ díẹ̀díẹ̀, tí kóro tuntun tó dọ́gba tó sì ń yún wá ṣàdédé bo àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ orúkọ àìsàn náà fún dókítà kó tó bọ́ aṣọ. Ìbéèrè tó yẹ kí a bi í ni pé oògùn wo ló ti lò, fún ìgbà wo, kí ló sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìbéèrè yìí ni a kì í fara balẹ̀ bi ènìyàn tó, bẹ́ẹ̀ kò sì náni ní nǹkan kan.

Àyẹ̀wò wà fún ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá dáni lójú. Dókítà á fi abẹ́ kékeré ha orí kóro kan, á tẹ́ ohun tó jáde sórí gíláàsì pẹlẹbẹ, á kán potassium hydroxide sí i kí sẹ́ẹ̀lì awọ lè yọ́, á sì wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Bó bá rí yíìsì roboto tó pọ̀ jaburata, tí àwọn kéékèèké ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ńlá, ẹ̀rí ńlá nìyẹn. Bó bá jẹ́ díẹ̀ ló rí, kò fi nǹkan kan hàn, torí pé yíìsì yìí wà lára gbogbo wa. Fún ìdí kan náà ni gbígbìn ín ní yàrá àyẹ̀wò kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Bẹ́ẹ̀ ni kì í sì í hù níbẹ̀ àyàfi bí wọ́n bá pèsè ọ̀rá fún un, epo ólífì sì wà lára ohun tí wọ́n máa ń lò. Iná Wood, tó ń tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú kò rí, lè mú kí ihò irun tí yíìsì wà tàn bí àwọ̀ ewé tó pọ́n rúsúrúsú tàbí búlúù tó ṣì, nígbà tó jẹ́ pé bakitéríà irorẹ́ ń tàn bí ọsàn tó pọ́n.

Ní ti ìtọ́jú, ọ̀nà pínyà pátápátá. Benzoyl peroxide, adapalene, àti isotretinoin fún èyí tó le, ni à ń lò fún irorẹ́, wọ́n sì ń fẹ́ sùúrù: a kì í dá wọn lẹ́jọ́ kó tó pé ọ̀sẹ̀ 8 sí 12. Oògùn tó ń pa fọ́ńgọ́ọ̀sì ni ti yíìsì. Ṣáńpù ketoconazole tàbí selenium sulfide wà, tí a ó fi pa ara, tí a ó jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí a tó ṣàn án; ṣùgbọ́n yíìsì yìí ń fara pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ihò irun, nítorí náà oògùn mímì bíi fluconazole tàbí itraconazole sábà máa ń yá ju ti pípa lára lọ, ìyàtọ̀ á sì hàn láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ wọ́n fúnni, torí wọ́n lè forí gbárí pẹ̀lú oògùn mìíràn, wọn kò sì bá aboyún lára mu. Ketoconazole mímì tilẹ̀ ti di ohun tí a kì í fi tọ́jú awọ mọ́: ní 2013 ni àwọn aláṣẹ oògùn ní Amẹ́ríkà fi ààlà sí lílo rẹ̀, tí ti Yúróòpù sì ní kí wọ́n dá títà rẹ̀ dúró, nítorí ìpalára tó ń ṣe fún ẹ̀dọ̀.

Ìbéèrè kan wà tí kì í pẹ́ kó tó yọjú: ṣé kí a jáwọ́ nínú gbogbo ìpara tó ní epo? Àwọn ènìyàn ti to orúkọ ohun tí yíìsì lè jẹ àti ohun tí kò lè jẹ jọ gbọọrọgbọ. Ìpìlẹ̀ wọn kì í ṣe irọ́, torí pé oríṣi ọ̀rá kan ń ran yíìsì yìí lọ́wọ́; ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú abọ́ yàrá àyẹ̀wò àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lára ènìyàn kì í ṣe ọ̀kan náà. Kí a fi òróró tó kì mọ sí ibi tí kò sú, kí a wẹ̀ kí a sì pààrọ̀ aṣọ tí òógùn bá ti rin ín, ìyẹn tó lójú tèmi.

Àwọn méjèèjì lè wà lára ẹnì kan pọ̀. Nígbà náà, bí a bá wo ọ̀kan tó san, ìyókù á dà bí ẹni pé oògùn kò ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ìdajì iṣẹ́ ti parí. Ti yíìsì a sì máa padà wá, nítorí pé kò sí oògùn tó ń lé Malassezia kúrò lára títí láé. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi lè ní kí ènìyàn máa fi ṣáńpù náà wẹ ara lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti san. Ẹni tí agbára àjẹsára rẹ̀ kò tó, yálà nítorí àìsàn tàbí oògùn tó ń lò, kò gbọ́dọ̀ fi ojú dá ohunkóhun mọ̀ nílé rárá, nítorí pé àwọn àkóràn kan tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ lè yọ sí awọ bíi kóro kéékèèké wọ̀nyí. Bí ibà bá tẹ̀ lé e, tàbí tí ó ń tàn kálẹ̀ kíákíá, ilé ìwòsàn ni kí ó lọ lọ́jọ́ náà, kí wọ́n lè gé bíńtín nínú awọ náà fún àyẹ̀wò.