Wúrà àti fàdákà nínú ìgò: èwo lẹ kọ́kọ́ dà sí i?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ìgò mẹ́ta ló wà lórí tábìlì mi yìí. Wúrà àti fàdákà ló wà nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n èyí tó kọ́kọ́ wọlé yàtọ̀, òun ló sì ń pinnu bí ègé nánò (ègé irin tó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i) náà ṣe máa rí.

Ẹ kọ́kọ́ fi ásíìdì HCl ìwọ̀n mẹ́ta àti ásíìdì HNO3 ìwọ̀n kan fọ ìgò. Àdàlù yìí ń jẹ wúrà, nítorí náà ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì ṣe é nídìí ẹ̀rọ tó ń fa èéfín.

Ìgò kìíní: ẹ da HAuCl4 (kẹ́míkà tó gbé wúrà) àti AgNO3 (èyí tó gbé fàdákà) papọ̀ sínú omi mílílítà 95 tó ń hó. Ẹ má jẹ́ kó ki rárá, torí kílóráìdì tó bá wúrà wá lè dì mọ́ fàdákà. Bó bá funfun bí omidùn, ẹ tún un ṣe. Ẹ wá da mílílítà 5 sodium citrate sí i, òun ló ń sọ wọ́n di irin. (Ní LAUTECH Ògbómọ̀ṣọ́, obì ni wọ́n fi ṣe irú iṣẹ́ yìí, inú mi sì dùn sí i.) Átọ̀mù méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi dọ́gba, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọ inú ara wọn. Lórí ẹ̀rọ UV-vis, tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ tí omi náà ń gbà mu ní ìgùn ìgbì (nm) kọ̀ọ̀kan, òkè kan ṣoṣo lẹ máa rí, láàrin 400 nm ti fàdákà àti 520 nm ti wúrà.

Ìgò kejì: ẹ ṣe wúrà nìkan títí á fi pupa bíi sóbò, kí ẹ tó máa kán fàdákà sí i pẹ̀lú citrate. Fàdákà á bo wúrà bí èèpo.

Ìkẹta ni mo fẹ́ràn jù. Fàdákà ni ẹ máa ṣe ṣáájú. Ẹ wá máa kán HAuCl4 nìkan sí i, díẹ̀díẹ̀. Fàdákà fúnra rẹ̀ ló ń fún wúrà ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Wúrà kan nílò mẹ́ta, fàdákà kan ò ní ju ẹyọ kan lọ láti fi sílẹ̀. Nítorí náà, átọ̀mù fàdákà mẹ́ta ló ń yọ́ kí wúrà kan tó jókòó. Inú ègé náà á wá ṣófo bí akèrègbè.

Iṣẹ́ ègé nánò yìí ni kó mú kí kẹ́míkà mìíràn yára yí padà, ojú ara irin nìkan sì ni kẹ́míkà ń fọwọ́ kàn. Nínú ìgò kejì, fàdákà ló ń bá pàdé. Nínú ìkíní, wúrà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fàdákà ń fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù fàdákà mọ́ra.

Ẹ dán wọn wò pẹ̀lú 4-nitrophenol (kẹ́míkà tó ń ní àwọ̀ yẹ́lò níbí) àti NaBH4 (èyí tó ń yí i padà): àwọ̀ yẹ́lò á máa ṣá, ẹ sì máa ka òkè 400 nm bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni òkè fàdákà náà wà, nítorí náà ẹ kọ́kọ́ wọn ègé nánò yín lọ́tọ̀, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iye tí ẹ bá rí.