Kí ló dé tí góòsì inú paranormal cozy ò gbọdọ̀ lé wa kúrò nídìí ìwé?

Ẹ gbọ́ ìlà yìí ná. "Láti ọjọ́ Túsìdeè ni Màmá Edith ti kú, ṣùgbọ́n ìyẹn ò ní kó má sọ fún wa pé ṣúgà inú kéèkì yẹn ti pọ̀ jù." Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ fún fídíò yìí. Ó yá, ẹ gbọ́ èkejì. "Láti ọjọ́ Túsìdeè ni Màmá Edith ti kú, eṣinṣin ti bo ojú ẹ̀, òórùn ẹ̀ sì ti gba gbogbo pálọ̀ kan." Òkú kan náà ni, ọjọ́ kan náà ló kú, àmọ́ ìlà àkọ́kọ́ á jẹ́ kẹ́ ẹ fa àga yín sún mọ́ ìwé, èkejì á jẹ́ kẹ́ ẹ dìde lọ wò ó bóyá ẹ ti ti ilẹ̀kùn. Ohùn tí òǹkọ̀wé fi ń sọ ìtàn ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, pàápàá nínú ìwé tí wọ́n ń pè ní paranormal cozy, ìyẹn cozy tó ní góòsì (ẹ̀mí òkú) tàbí àjẹ́ nínú, torí àwa tá à ń kà á, ohùn yẹn gan-an la fowó rà.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ ọ, cozy ni ìtàn tí wọ́n pààyàn nínú ẹ̀ àmọ́ tẹ́ ẹ lè kà kẹ́ ẹ tó sùn kẹ́ ẹ má sì lá àlákálàá. Ìlú kékeré ni, gbogbo èèyàn mọra wọn, ẹni tó ń wádìí kì í ṣe ọlọ́pàá, ó lè jẹ́ ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì tàbí ẹni tó ń tọ́jú láìbìrì, ìgbà tí wọ́n bá sì ń pa ẹni yẹn a ò ní sí níbẹ̀, òkú nìkan la máa bá. Agatha Christie, òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀daràn, ti ṣe irú ẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tipẹ́, Miss Marple tiẹ̀, ìyá arúgbó tó ń hun òwú ní abúlé St Mary Mead, 1930 ni nọ́fẹ̀lì àkọ́kọ́ tó ti ń wádìí jáde. Ní Amẹ́ríkà, ìpàdé ọdọọdún kan wà nítòsí Washington tó ń jẹ́ Malice Domestic, láti 1989 ni wọ́n ti ń fún irú ìwé báyìí ní àmì ẹ̀yẹ Agatha, ìwé tí ò ní ìbálòpọ̀ ní gbangba, tí ẹ̀jẹ̀ ò sì pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Kí wá ni ti òkú tó ń sọ̀rọ̀? Ní 1929, fádà ìjọ Kátólíìkì kan tó tún ń kọ ìtàn ọ̀daràn, Ronald Knox, kọ òfin mẹ́wàá fáwọn tó ń kọ irú ìtàn yìí, òfin kejì sì ni pé ohunkóhun tó bá ti ju agbára ẹ̀dá lọ ò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Mo gbà pé ó mọ ohun tó ń sọ. Tí góòsì bá lè yọjú ní ojú ewé kejì kó ní "àbúrò mi ló pa mí, tìtorí ilé ni," kí la tún fẹ́ máa kà? Paranormal cozy ti rú òfin yẹn, àmọ́ àwa òǹkàwé ò gbàgbé ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Góòsì ò gbọdọ̀ mọ ẹni tó pa òun: wọ́n lù ú látẹ̀yìn, tàbí kò rántí wákàtí tó gbẹ̀yìn, tàbí kò lè kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù tó kú sí. Àjẹ́ tó ń wádìí lè fẹnu lásán tan àbẹ́là, kò lè wonú omi kó rí ojú apànìyàn. Ọgbọ́n orí ni kó fi mú un, apànìyàn náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èèyàn ẹlẹ́ran ara, tó ń jowú, tó jẹ gbèsè, tí ọ̀rọ̀ ogún ń bí nínú. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rín sì ti ń wá. Màmá Edith ò lè gbé ṣíbí, kò lè ṣí ilẹ̀kùn, ẹnu nìkan ló kù fún un, ó sì ń lò ó dáadáa.

Mo pe àjẹ́ báyìí, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti pariwo ẹ̀jẹ̀ Jésù. Ó yé mi. Àjẹ́ tiwa àti witch inú àwọn ìwé yìí kì í ṣe nǹkan kan náà, ó kàn jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà la fi ń túmọ̀ wọn ni. Tiwọn ni obìnrin tó jogún ìwé ewé àti egbò lọ́wọ́ ìyá ẹ̀ àgbà, tó ní ológbò tó ń fèsì. Tẹ́ ẹ bá gbé ẹ̀rù ilé wọnú ẹ̀, ẹ ò ní gbádùn ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń wá ohun tó sún mọ́ ọn nínú ìtàn wa, àkúdàáyà ni kẹ́ ẹ rántí, ẹni tó ti kú nílé tó wá lọ ń tajà ní ìlú míì, tó fẹ́yàwó, tó bímọ, táwọn aládùúgbò ń kí i láàárọ̀. Ẹ̀rù wà níbẹ̀ o, àmọ́ àánú ló pọ̀ jù.

Èèpo ẹ̀yìn ìwé ló kọ́kọ́ ń bá wa ṣàdéhùn. Àwọ̀ tó mọ́lẹ̀, kéèkì, ológbò lójú fèrèsé, àkọlé tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ dárà. Mo ra ọ̀kan báyẹn rí, ológbò ẹ̀yìn ìwé yẹn ń rẹ́rìn-ín, ìgbà tí mo máa dé orí kẹta wọ́n ti fún un ní májèlé jẹ. Mo pa fóònù tí mo fi ń kà á, inú mi ò dùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọ́n lè pa lọ́yà tó ń jẹ owó opó, wọ́n lè pa alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń gbin òdòdó, ṣùgbọ́n ológbò ò ṣe é pa, ajá ò ṣe é pa, ọmọdé ò ṣe é pa. Ẹni tó ń ka horror, ìtàn adẹ́rùbani, mọ ohun tó wá rà. Èmi ti ṣiṣẹ́ dalẹ́, ìsinmi ni mo wá.

Àmọ́ ẹ má rò pé kó máa jẹ́ àwàdà látìbẹ̀rẹ̀ dópin o, èyí ló sì ń dùn mí jù, àwọn òǹkọ̀wé kan á pa èèyàn ní ojú ewé kẹwàá, ojú ewé kọkànlá wọ́n ti ń tọ́ kéèkì wò, bíi pé ẹni yẹn ò ní ìyá, kò lọ́mọ. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣàárò ẹni tó kú. Ẹ jẹ́ kí ọmọ Màmá Edith wọ kíṣìnì, kó gbé kọ́ọ̀bù méjì kalẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, kó wá rántí, kó dá ọ̀kan padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Màmá Edith ń wò ó látẹ̀gbẹ́ sítóòfù, fún ìgbà àkọ́kọ́ kò rí nǹkan kan sọ. Ìlà mẹ́ta péré nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ tó pa wá lẹ́rìn-ín padà, a ó sì rín in tọkàntọkàn torí a ti mọ ohun tó sọ nù.

Ẹ̀rù gidi náà láyè tiẹ̀, sún mọ́ ìparí, nígbà tí ọmọbìnrin tó ń wádìí àti apànìyàn bá kù síbi tí wọ́n ń kó fúláwà sí, tí iná lọ. Ojú ewé díẹ̀ ni. Kí ọlọ́pàá wá mú un lọ, kí ilẹ̀ mọ́, kí ṣọ́ọ̀bù ṣí. Tó bá sì jẹ́ ìwé tó ń bọ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí góòsì náà kọjá sọ́run, a ò tíì múra. Ẹ fi í sílẹ̀ nídìí sítóòfù, kó máa wo kéèkì tuntun tí wọ́n ń yọ, kó ní ṣúgà ẹ̀ ṣì pọ̀ jù.